Ebè Tí Kò Hu Iṣu

Ọdún tí mo fi ń di okùn mú fún awọnlẹ̀,
a gun òkè kan lẹ́yìn Lálúpọn,
ìrì ṣì wà lórí koríko, ṣòkòtò mi tutù dé orúnkún.
Tìámíyù ọ̀gá mi ló ṣáájú,
ó ki fìlà bọ àpò, ó ń súfèé.

A dé orí. Mo rí ebè.
Ebè ńláńlá, mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mẹ́tàlá.
Òmíràn mọ mí láyà, òmíràn ga jù mí lọ,
wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ yí ìdí wọn ká
bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọge.
Mo ní, "Ọ̀gá, ta ló ń dáko lórí àpáta?
Ta ló kọ ebè tó tó báyìí
tí kò fi iṣu sí i, tí kò fi ẹ̀gẹ́ sí i?"
Tìámíyù ò wẹ̀yìn.
"Di okùn mú."

Mo dì í mú.
A kan èèkàn kìíní, a kan ìkejì.
Ìkẹta wọlẹ̀ wọ́ọ́rọ́, ó kan nǹkan nísàlẹ̀:
pò!
Ọmọ amọ̀kòkò ni mí, mo mọ ohùn ìkòkò tó fọ́.
Mo fọwọ́ wa iyẹ̀pẹ̀.
Àpáàdì kan, ẹnu rẹ̀ kọlà.
Ẹ̀gbà irin kan, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ kù díẹ̀,
ó kéré, ọrùn ọwọ́ ọmọdé ni yóò gbà.
Ìyókù, ẹ má bi mí.

Àwẹ̀ró tó ń ṣẹ́gi nísàlẹ̀ gbọ́ ìró náà.
Ó gòkè wá, ó sán ìgbájá, kò kí wa.
Ó ní, "Àwọn tó sùn síbí, a ò mọ oríkì wọn.
Bàbá mi bá wọn níbí,
baba tó bí i náà bá wọn níbí.
Ẹ ń wò wọ́n bí àlejò tí kò lórúkọ.
Ta ni àlejò?"
Ó gbé igi rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀.

N ò sùn lóru ọjọ́ náà.
Ìbàdàn kò tíì sí, kò sí ẹni tó tíì fojú ba ọ̀dàn
kó tó sọ pé ẹ̀bá rẹ̀ dára,
nígbà tí ẹnìkan gbé agbọ̀n erùpẹ̀ karí,
tó gun òkè, tó dà á sílẹ̀, tó padà lọ bu òmíràn.
Agbọ̀n mélòó ló ń di ebè kan?
Ọmọ tó ni ẹ̀gbà,
kí ni wọ́n ń pè é bí wọ́n bá fẹ́ jí i láàárọ̀?

Mo lọ sí Sẹkitéríàtì ní Àgọ́dì.
Wọ́n ní kí n mú fọ́tò wá. Mo mú fọ́tò wá.
Wọ́n ní fáìlì ti sọnù. Mo kọ òmíràn.
Ìgbà kẹjọ, akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Múníráátù
ka ìwé mi dé ìparí, ó yọ awò ojú rẹ̀.
"Ẹ̀gbà yẹn ńkọ́?"
Mo ní mo ti dá a padà síbi tí mo ti rí i.
Òun ló gbé ìwé náà wọlé lọ bá ọ̀gá.

Kí pátákó ìjọba tó dé,
katapílà àwọn afọ́kùúta ti jẹ mẹ́rin.
Ebè mẹ́sàn-án ló kù.
Òkúta mẹ́rin yẹn ti wà nínú ilé onílé báyìí,
bóyá nínú ilé tìrẹ,
bóyá lábẹ́ ibùsùn rẹ.

Pátákó náà ti ń ṣá.
Àwẹ̀ró ló ń gbá ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un.
Tìámíyù ti lé mi lẹ́nu iṣẹ́, ó ní mo ba ìwọ̀n òun jẹ́.
Kò parọ́.
Èmi ni mo lọ fa èèkàn kẹta tu ní òru.
Ó wà lẹ́yìnkùlé mi títí dòní,
ewúrẹ́ ni mo ń so mọ́ ọn.